Kí Ẹ Tó Jápa, Ẹ Wo Fírísà Yín Dáadáa

Bí ẹnì kan bá fẹ́ jápa báyìí, ẹ̀wù òtútù àti ìbọ̀sẹ̀ la máa ń rán an létí. A kì í dárúkọ omi. Lójú tèmi, omi ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ.

Ẹni tó bá ń di omi sínú ike tà láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba mọ̀ pé a kì í rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ike á wú, ìgò á fọ́. Ṣé ẹ rí i, bí omi ṣe ń dì, àwọn mólékù rẹ̀ á to ara wọn bí afárá oyin, àlàfo á wà láàárín wọn. Yìnyín á wá fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 gba àyè ju omi lọ.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, ní oṣù Kejì ọdún 2021. Òtútù mú, iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù 4, páìpù sì ń bẹ́ káàkiri. Kì í sábà jẹ́ ojú ibi tí omi ti dì gan-an ló ń bẹ́ o. Yìnyín á dí ọ̀nà, á máa ti omi tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wà ní títì, omi ò ríbi gbà, ni páìpù bá bẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ jẹ́ kómi máa kán tó-tó-tó mọ́jú.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ tuntun bá sì ní kẹ́ ẹ jọ fi ọkọ̀ tí wọ́n sọ di ilé lọ pàgọ́ nígbà òtútù, ẹ ṣọ́ra. Táǹkì àti páìpù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ rẹ̀, ní gbangba. Ẹ fa omi inú wọn jáde, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ gbé omi mímu sínú kẹ́ẹ̀gì níbi tí ooru wà, ẹ má rọ ọ́ kún. Tẹ́ ẹ bá máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kómi dì, èyí tí wọ́n fi propylene glycol ṣe fún páìpù omi ni kẹ́ ẹ rà. Ethylene glycol tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ mọ́tò, májèlé ni.

Àwọn kan á ní yìnyín ò kan ará Ìbàdàn. Ó kàn wá! Ike omi méjì, ọ̀kan kún, ọ̀kan ò kún, pẹ̀lú fírísà kan, ti tó olùkọ́ fíṣíìsì láti fi kọ́ kíláàsì lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ó sàn ká fi ike kọ́ ọ nílé ju ká fi owó oṣù tún ilé onílé ṣe lókè òkun.