Másítà Sọ́fítíwíà: Kí Ló Kù Tí Mo Tún Ń Kọ́?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ti wà láti 1982, nítorí oyè kejì tí gbogbo wa mọ̀ sí másítà, àti pé ìlànà ìmọ̀-ẹ̀rọ sọ́fítíwíà ni mo dojú kọ níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ti mọ kóòdù kọ. Ẹni tó fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ lórí YouTube ti ń gba owó dọ́là. Kí ló kù tí ẹ tún ń kọ́?" Ìbéèrè gidi ni. N kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀, nítorí owó ilé-ìwé kì í ṣe owó ẹ̀pà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àjọ dídá ṣàlàyé. Ní sáà kan, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni kí a ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún màmá alájọ kan tó ń gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Lójú ẹni tó mọ kóòdù kọ, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni: orúkọ, iye owó, ọjọ́, kí ẹ̀rọ ṣírò rẹ̀ bí oṣù bá parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wa kò gbà kí a kọ ìlà kan ṣoṣo kí a tó jókòó ti ẹni tí yóò lò ó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi jókòó ti màmá náà.

Ẹ mọ̀ pé kò sí owó oṣù fún alájọ. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó dára. Bí obìnrin kan bá ń dá ₦500 láti ọjọ́ kìíní, tó wá sọ ọ́ di ₦2,000 láti ọjọ́ kẹwàá, èwo ni alájọ yóò mú? Màmá dáhùn kíá: "Èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ ni mo máa mú, àfi tó bá jẹ́ pé ṣe ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi kékeré bẹ̀rẹ̀." Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ kóòdù kọ, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kọ "mọ̀-ọ́n-mọ̀" sínú kọ̀ǹpútà? Màmá sì tún ní oníbàárà mẹ́ta tí gbogbo wọn ń jẹ́ Ìyá Ṣadé. Ó ní àwọn obìnrin kan tí wọ́n mú káàdì méjì, tí ọkọ mọ ọ̀kan, tí kò sì gbọdọ̀ gbọ́ nípa èkejì. Ká ní a ti lọ kọ ètò wa bí a ṣe rò ó, tó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù tí tọkọtaya jọ ń lò, a ti da ilé rú nìyẹn, kóòdù náà kò sì ní àléébù kankan.

Ọ̀kan nínú wa tó wá láti ìhà Abígi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ní abúlé apẹja tí wọ́n ti bí i létí ọ̀sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ kí ó má dé fún odidi ọjọ́ kan. Bí alájọ bá gba owó níbẹ̀ láàárọ̀, fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tọ́jú àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi padà. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kan náà lórí fóònù mìíràn lọ́jọ́ náà ńkọ́? Èwo ni kí ẹ̀rọ gbà gbọ́? Ìjíròrò yẹn gbà wá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lójú tèmi, òun ni kíláàsì tó dùn jù lọ ní sáà náà.

Orúkọ tí ẹ̀kọ́ yìí ń jẹ́ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, àjọ NATO pe àwọn onímọ̀ jọ sí ìlú Garmisch ní Jámánì, nítorí pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà ńláńlá ìgbà náà ń pẹ́ ju àdéhùn lọ, wọ́n ń jẹ owó ju bí a ṣe wéwèé lọ, wọ́n sì tún ń kọṣẹ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Àwọn tó pe ìpàdé náà mọ̀-ọ́n-mọ̀ yan orúkọ "software engineering" ni, kí ó lè ta àwọn ènìyàn jí pé ó yẹ kí a máa ṣe sọ́fítíwíà bí ẹni tí ń kọ́ afárá. Frederick Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360 ní IBM, gbé ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, jáde ní 1975. Ohun tí a mọ̀ mọ́ ìwé náà jù ni pé bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, ẹni tó bá kó òṣìṣẹ́ kún un tún ń mú un pẹ́ sí i ni, torí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá ti dáná òde rí, tí ogún aládùúgbò dé láti ràn án lọ́wọ́ nígbà tí àlejò ti jókòó, mọ ohun tí bàbá náà ń sọ.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni, ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2025. Èsì ìdánwò UTME jáde, àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kò sì gba tó 200 nínú 400. Àwọn ọmọ àti òbí figbe ta. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó sì tọrọ àforíjì. Kì í ṣe gbogbo máàkì kékeré ni àṣìṣe ẹ̀rọ fà, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ọmọ 379,997 ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún gúúsù-ìlà-oòrùn. JAMB ti ṣe àtúnṣe sí ètò ìdánwò wọn lọ́dún náà. Lára rẹ̀ ni pé wọ́n ń da ìbéèrè àti àwọn ìdáhùn tí ọmọ yóò yàn nínú wọn rú, kí ti ẹnìkan má bá ti ẹnìkejì dọ́gba. Àtúnṣe yìí dé orí àwọn sáfà apá kan orílẹ̀-èdè yìí, kò dé orí ti Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún náà.

Àtúnṣe wà nílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ níbi tó dé. Ibi tí wàhálà wà ni orí-ẹ̀kọ́ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tòògbé sí: bí a ṣe ń ṣàkóso àtúnṣe, bí a ṣe ń rí i dájú pé ohun kan náà ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni yóò fọwọ́ ìwé sí i pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ọmọ àkọ́kọ́ tó jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti kàwé ní gbogbo òru ló san gbèsè ìyẹ̀wò tí ẹnìkan kò ṣe. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn àforíjì náà ni àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ní láti sáré padà síbi tí wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́.

Nítorí náà, èmi kì í sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé kó lọ ṣe másítà. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ lò ń wá, oṣù mẹ́fà orí YouTube yẹn lè tó, bí o bá fi gbogbo ọkàn ṣe é. Ẹni tó ti ṣe ohun kan tí àwọn ènìyàn ń lò, tí wọ́n sì ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ún, ni ẹ̀kọ́ yìí máa ń yé jù, torí gbogbo orí-ìwé ni yóò rán an létí ẹnìkan. Ẹ̀yin tí ẹ gba HND, ẹ fi sọ́kàn pé ọ̀pọ̀ yunifásítì wa yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD kí ẹ tó wọ másítà. Ẹ ka ọdún yẹn mọ́ ọn, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú. Kí ẹ sì tó ra fọ́ọ̀mù níbikíbi, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n máa ń fún wọn ní kóòdù tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀ láti tún ṣe, tàbí ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ẹ tún bi í ta ló ń lo iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ṣáájú wọn.