Ẹ Fún Ọlọ́kadà Agboju Ní Pápá

Ìdíje alùpùpù kan wà tí wọ́n ń pè ní trials. Eré sísá kọ́ ló ń gba ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Orí àpáta àti ìtì igi ni wọ́n ń gùn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jẹ̀bi àmì 1, ẹni tí àmì ẹ̀bi rẹ̀ kéré jù ló borí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọlọ́kadà Agboju ń ṣe nínú kòtò àti ẹrẹ̀, tòun ti ìyá ọlọ́jà àti àpò gààrí lẹ́yìn?

Lóòótọ́, eré àsápajúdé wọn ń pààyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022, ńṣe ni ìjọba Èkó ń fi ẹ̀rọ run ọ̀kadà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé wómúwómú. Ta nìyẹn kọ́ ní ìwà pẹ̀lẹ́? Àwọn tó wá fi ẹ̀bùn wọn hàn ní FESTAC '77 ni wọ́n kọ́ Festac fún. Ẹ ya pápá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fáwọn ọlọ́kadà: akoto dandan, ẹni tó bá sáré, ẹ lé e jáde.