Eyín àtọwọ́dá kì í ṣe ohun ìtìjú

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa tó ń ti ilé wá bá wa gbọ́mọ la fẹ́ sọ. Àwọn kan nínú wọn ń lo eyín àtọwọ́dá, ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni wọ́n ń bá àwọn ọmọ-ọmọ sùn, ojú sì ń tì wọ́n láti yọ ọ́. Wọ́n á fi sẹ́nu sùn mọ́jú. Kò dáa o! Èyí tó kéré, bí eyín kan tàbí méjì, lè bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun lójú oorun. Èrìgì náà sì nílò ìsinmi.

Àwa ọmọ la fà á. Ṣebí àwa la máa ń fi ẹnu tí kò léyín ṣe yẹ̀yẹ́?

Nílé tiwa, ìgbà tí a ra ike onídèérí fún Màmá ni wọ́n tó gbà. Omi tútù ni kẹ́ ẹ máa rẹ ẹ́ sí. Omi gbígbóná lè jẹ́ kó tẹ̀, kò sì ní bá ẹnu mu mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́.

Bó bá kán ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi super glue lẹ̀ ẹ́! Dókítà eyín tó ní ìwé àṣẹ MDCN ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe eyín lẹ́bàá ọjà.

Ní báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ ló ń bu omi sí ike Màmá lálẹ́.