Orin ní Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, ẹ má ṣe gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan ń sọ. Wọ́n ní àkókò àìsàn kì í ṣe àkókò orin. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń gbọ́ orin lórí ibùsùn ń fi àìsàn ṣeré. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ẹ wo bí ìtọ́jú náà ti rí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sí iṣan apá, omi oògùn á máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn fún wákàtí púpọ̀. Aláìsàn á jókòó sójú kan. Èébì á máa gbé e, ẹ̀rù á sì máa bà á. Oògùn náà lè mú kí iyè rẹ̀ ra, kí ó máa wá ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé kíkà á nira fún un. Ọ̀rọ̀ àlejò pàápàá á sú u. Orin tí ó ti mọ̀ láti kékeré kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2021, àwọn oníwàdìí kó ìdánwò 81 jọ, tí aláìsàn jẹjẹrẹ tí ó lé ní 5500 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé orin lè dín ìbẹ̀rù, ìrora àti àárẹ̀ àwọn àgbàlagbà kù. Orin kì í wo jẹjẹrẹ o! Ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí orin, ọ̀tá yín ni.

Ṣùgbọ́n orin ta ni? Ibẹ̀ ni a ti ń ṣì í ṣe. Ọmọ á gbé orin tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn wá fún ìyá rẹ̀. Ìyá kan ní Kétu lè fẹ́ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Bàbá kan ní Àjàṣẹ́ lè fẹ́ orin ìjọ. Ẹ bi wọ́n. Bí orin kan bá ń rán an létí òkú rẹ̀, tí kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yí i padà. Bí ó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ẹ pa á.

Aláìsàn mìíràn wà ní ibùsùn kejì, nítorí náà fóònù kékeré pẹ̀lú okùn tí a ń fi sí etí ti tó. Ẹ fi iná sí i kí ẹ tó kúrò nílé.