Kí Owó Oṣù Bá Ọjà Rìn

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa kan mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wá fi hàn mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tíì jókòó tó fi sọ iye tí ilé-iṣẹ́ náà yóò máa san fún un lóṣù. Mo bá a yọ̀, mo ṣàdúrà fún un, mo wá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ojú ìwé kejì ni iye owó wà, sà," ló wí. Mo ní mo ti rí i, nǹkan mìíràn ni mò ń wá.

Ìlà kan ṣoṣo ni mò ń wá: èyí tó máa sọ pé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ yẹn bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe kan òun náà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dà bí ọ̀rọ̀ lọ́yà létí yín. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà wọ́n ní Èkó kọjá ohun tí owó iṣẹ́ lè kojú. Lọ́dún 1941, Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde láti Ẹ̀búté Mẹ́ta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà Bourdillon. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé bí ọjà bá gun òkè, ó yẹ kí owó òṣìṣẹ́ náà gun òkè. Ìjọba fún wọn ní owó ọ̀wọ́n-gógó lọ́dún tó tẹ̀lé e, àmọ́ ọjà kò dúró. Wọ́n ti Imoudu mọ́lé lọ́dún 1943, wọ́n sì gbé e lọ sí Auchi lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀, rélùwéè dúró, ó sì ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dábàá pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n-gógó yẹn.

Mo máa ń ronú sí ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yẹn gan-an. Àwọn èèyàn tí wọ́n ń gbowó iṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí, tí wọ́n ń fi òòlù lu irin, ti mọ̀ pé iye tí a kọ sínú ìwé kọ́ ni owó. Ohun tí iye náà lè rà ni owó. Ó dùn mí pé àwa tí a jogún ìjà wọn ti gbàgbé ìdí rẹ̀. Iye ni a wá ń jà fún.

A rí i nígbà Udoji, ìgbìmọ̀ tó dábàá àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ìjọba Gowon san owó tuntun, wọ́n sì kà á padà dé oṣù Kẹrin 1974, nítorí náà ajẹẹ́lẹ̀ oṣù púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó dàgbà nígbà náà á rántí alùpùpù tuntun àti tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ tí onílé fi kún owó ilé, tí oníṣòwò fi kún owó ọjà, tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí Udoji kò kàn, sì wá ń ra nǹkan ní iye Udoji.

A tún rí i ní 1981. Hassan Sunmonu ló ń darí NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, wọ́n yan iṣẹ́ lódì ní oṣù Karùn-ún, 300 náírà ni wọ́n bèèrè fún owó oṣù tó kéré jù, 125 ni òfin fún wọn. Wọ́n rò pé wọ́n gbà díẹ̀. Àmọ́ bí a bá ṣẹ́ 125 náírà ìgbà yẹn sí dọ́là, ó tó 200. Ní oṣù Keje 2024 tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí 70,000 náírà, owó náà kò pé 50 dọ́là. Ẹ fi dọ́là sílẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Nígbà tí òfin 18,000 náírà jáde ní 2011, olówó oṣù tó kéré jù ra àpò ìrẹsì kan, ó sì ku nǹkan sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí 70,000 di òfin, kò ra àpò olókìló 50 kan.

Ní ti àwọn tó wà lókè ìpele ìsàlẹ̀, tiwọn tún yàtọ̀. Òfin 30,000 náírà jáde ní oṣù Kẹrin 2019, àmọ́ oṣù Kẹwàá ni ìjọba àti àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ tó fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí àwọn onípele òkè yóò gbà. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ọjà fi ń gòkè tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí wọ́n jáde láyé, mo rí ìwé pẹlẹbẹ kan nínú àpótí onírin wọn, àdéhùn tí ẹgbẹ́ wọn bá ilé-iṣẹ́ ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n fi bírò bulúù fàlà sábẹ́ àwọn ibi kan. Owó ilé wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ìsinmi ọdọọdún, owó òfátáímù, owó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, gbogbo wọn ní náírà àti kọ́bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo rí owó oúnjẹ ọ̀sán: 60 kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, ta ló fẹ́ fi 60 kọ́bọ̀ jẹun? Gbogbo ohun tí wọ́n kọ ní kọ́bọ̀ nínú ìwé yẹn ló yòrò bí iyọ̀ nínú omi.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí kò yòrò. Èkíní ni pé nígbà tó yá, ẹgbẹ́ wọn fi owó oúnjẹ ọ̀sán yẹn gba oúnjẹ fúnra rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ní láti se oúnjẹ, kí òṣìṣẹ́ jẹ ẹ́ gbígbóná. Iyekíye tí ìrẹsì ì báà di, àwo oúnjẹ kan ṣì ni. Èkejì ni ìwòsàn: òṣìṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Èmi ni ọmọ kẹta. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò bàbá mi. Abẹ́ ìlà ìwòsàn yẹn ni bírò bulúù ti nípọn jù.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn, mi ò sì fẹ́ fojú di í. Wọ́n á ní bí owó oṣù bá ń bá ọjà sáré, ilé-iṣẹ́ á wó. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mo ń sọ yìí ti kógbá sílé tipẹ́, òṣìṣẹ́ kò sì lè jẹ nínú ìkòkò tó ti fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ẹni tó ń ta epo diesel fún jẹnẹrétọ̀ wọn, ǹjẹ́ ó ń dúró ọdún mẹ́ta kó tó yí iye rẹ̀ padà? Iye àárọ̀ yìí ló ń gbà. Ilé-iṣẹ́ san án, wọ́n sì kà á sí ohun tó yẹ. Kí ló dé tó jẹ́ apá òṣìṣẹ́ nìkan ni ohun tí wọ́n ń rà ní iye àná?

Òfin 2024 ti dín ọdún márùn-ún kù sí mẹ́ta kí wọ́n tó tún owó oṣù tó kéré jù gbé yẹ̀wò. Ó dára, kò tó. Ẹ wo àwọn olùkọ́ fásitì. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ ASUU bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2009 sọ pé wọn yóò máa jókòó tún un wò lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Dípò ìjókòó yẹn, ìgbìmọ̀ rọ́pò ìgbìmọ̀, ti Babalakin, ti Munzali Jibril, ti Nimi Briggs, ti Yayale Ahmed. Ní 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni ọmọ wa fi jókòó sílé. Ọjọ́ tí a dá láìsọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan kò bá wá, kì í ṣe ọjọ́.

Ibi tí ìlà tí mò ń wá nínú ìwé ọmọ yẹn ti wúlò nìyí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti ń sọ pé àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lọ: òṣìṣẹ́ kan kò lè gbé e lọ sílé-ẹjọ́ àyàfi bí ó bá wọnú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀. Àtúnṣe kẹta sí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2010, fún National Industrial Court lágbára láti túmọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kó sì sọ bí a ó ṣe lò ó, ìyẹn sì ti la ọ̀nà díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ìlà yẹn wà nínú ìwé rẹ̀ ló lè sùn fọnfọn. Ẹni tó sì wọṣẹ́ lábẹ́ kọngílá, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń jíròrò.

Mi ò rí ìlà náà. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó bèèrè ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, kó fi ọ̀wọ̀ bèèrè. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Kò bá wọn jà, ó lọ bá alága ẹgbẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn fa àdéhùn jáde látinú dúrọ́ọ̀, etí ìwé ti ya. Ó fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni ojú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìjókòó tó ń bọ̀ sí. Oṣù mẹ́rin ló kù.