Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Rúkíyà

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ta ni nínú wa ní Agbálátà tí kò mọ irú arákùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí? A bí i pẹ̀lú làákàyè tí kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó mọ ọ̀nà ọjà, ó ń bá àwọn oníṣòwò àgbọn ru ẹrù, ó sì ń bá wa tò sí sàfù ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ó lé ní ọmọ 40 ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù ní ojú ọ̀nà tí ó ti ń rìn láti kékeré. Ó gbàgbé bí a ti ń ṣe àlùwàlá. Kí ni ẹbí ṣe? Wọ́n mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àfáà. Àfáà ní àlùjọ̀nnú ni, ó gbowó, ó sì fi ẹ̀wọ̀n sí i lẹ́sẹ̀.

Mo sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀: àbòsí ni èyí!

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà lórí àwọn tí a bí pẹ̀lú Down syndrome. Krómósóòmù 46 ni ó wà nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. 47 ni tiwọn, nítorí pé èyí tí a ń pè ní 21 jẹ́ mẹ́ta dípò méjì. Lórí rẹ̀ gan-an ni àbùdá kan wà tí ó ń pèsè èròjà tí ó máa ń gbárajọ sínú ọpọlọ ẹni tí àrùn Alzheimer ń ra iyè rẹ̀. Nítorí náà, iyè rírà tí a mọ̀ mọ́ arúgbó máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí ọmọ 50 ọdún, tàbí kí wọ́n tó pé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wí pé, "Bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn," tàbí kí ó pariwo àlùjọ̀nnú.

Ẹnìkan yóò bi mí pé: "Ìmáàmù, ṣé ẹ kò gbà pé àlùjọ̀nnú wà ni?" Mo gbà, Àlùkùránì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àdúà ni rúkíyà. Kì í ṣe pàṣán, kì í ṣe ebi. Ànábì wa sì pa á láṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Kì í ṣe àfáà kan ṣoṣo ni ó ń dá èyí ṣe. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lẹ́yìn ìbẹ̀wò sí ibùdó 28 ní Nàìjíríà, ó sì sọ nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Ti Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, ti ìjọba wà níbẹ̀, tiwa náà wà níbẹ̀. Ìtìjú ńlá!

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Súnnà. Nínú hádíísì tí Anas gbà wá, tí Ìmáàmù Muslim kó jọ, obìnrin kan tí nǹkan ṣe làákàyè rẹ̀ wí fún Ànábì pé òun ní bùkátà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànábì ní kí ó yan òpópónà tí ó bá wù ú, ó sì dúró tì í títí ó fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dúró. Àwa ń kọjá lọ, a ń pe ẹrú Ọlọ́hun ní dìndìnrìn!

Kí ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé etí dídi, àrùn ojú, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí ẹṣẹ́ ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó lè jọ iyè rírà, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Àwọn onímọ̀ ọpọlọ wà ní Yábàá, wọ́n wà ní Àrò, Abẹ́òkúta, tí a dá sílẹ̀ ní 1954. Bí ó bá jẹ́ iyè rírà ni, kò tíì sí oògùn tí ó lè wò ó tán, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà: ẹ má ṣe máa gbé e láti ilé dé ilé, kí ojú tí ó mọ̀ máa tọ́jú rẹ̀, kí oúnjẹ rẹ̀ ní àkókò, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ ṣókí, ẹ má bá a jiyàn. Bí ó bá ṣi ìrun kí, ẹ má nà án.

A máa ń wí pé ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Bí ìyá rẹ̀ bá ti kú ńkọ́? Jámọ́à ni yóò pọ̀n ọ́n. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ pín ọjọ́ láàárín ara yín, kí ẹ máa jókòó tì í. Kí a yọ tirẹ̀ nínú sàká.

Ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, a kò ní bi ẹni tí a ti gbé kálámù kúrò lórí rẹ̀ léèrè. Àwa ni a ó bi.