Ẹ Má Jẹ́ Ká Fi Yanrìn Bo Ọ́ìlì Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúdú tó wà lẹ́yìn ọjà wa ni mo fẹ́ sọ. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnu wa ò kò lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ká ra yanrìn típà méjì, ká dà á lé e lórí, ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ká wá kọ́ ìsọ̀ síbẹ̀ fún àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Àwọn mẹkáníìkì ló wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n ń da ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí. Àwa náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o: ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ tiwa ńkọ́? Ṣebí gọ́tà là ń dà á sí. Ilẹ̀ àbàtà sì ni Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, omi ò jìn sílẹ̀ rárá. Ohun tá a bá dà sórí ilẹ̀, kànga tá a fi ń fọ ata ló ń lọ. Àwọn ará Barúwà ní Ìpájà mọ̀ ọ́n: láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fa omi tó ń rùn bẹntiróòlù, nítorí páìpù epo tó jò lábẹ́ ilẹ̀ wọn. Nígbà tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Sóbà, Abúlé Adó, lọ́jọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, tó pa èèyàn tó lé ní 20, gbogbo ayé gbọ́. Epo tó rọra wọlẹ̀ ní tiẹ̀, ta ló ń gbọ́?

Ọ̀nà kan wà. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú ò rí, tí wọ́n ń jẹ epo. Bákítéríà ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta irú àti fùfú, àwọn ìbátan wọn ló ń bá yín ṣiṣẹ́ lóru tí irú fi ń dẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ fi ń rọ̀. Ṣùgbọ́n epo nìkan ò tó wọn, bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́, omi díẹ̀, àti ajílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo sí etíkun Alaska ní 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n fọ́n sí etíkun náà kí àwọn kòkòrò ibẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúkáyọ̀dé Amund àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, Akọka, ti ṣe iṣẹ́ lórí wọn. Àwọn olùwádìí wa míì sì ti dán ìgbẹ́ adìyẹ wò. Ìgbẹ́ adìyẹ o! Èyí tí àwọn aládìyẹ wa ń sanwó kí wọ́n tó bá wọn kó o dànù.

Ohun tí mo wí ni pé ká kó ilẹ̀ dúdú yẹn jọ sórí tapólì tó nípọn, ká po ìgbẹ́ adìyẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ ọn, ká máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀rùn, ká sì bò ó tójò bá ń rọ̀, kí àgbàrá má gbé e lọ sí kànáàlì. Oṣù ló máa gbà, kì í ṣe ọjọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín: bákítéríà kì í jẹ òjé tó wà nínú ẹ̀gbin mẹkáníìkì. Nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbin ẹ̀fọ́ sínú ilẹ̀ yẹn, kódà tó bá ti mọ́ lójú. Nígbà tí àjọ UNEP yẹ ilẹ̀ Ògóní wò, tí wọ́n gbé ìròyìn jáde ní 2011, ibi 49 ni wọ́n ti bá epo nísàlẹ̀ tó tó mítà 5, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ òkè ilẹ̀ ni àwọn tó ń tún un ṣe ń yí. Torí ẹ̀, ká kọ́kọ́ gbẹ́ ihò wò, ká mọ ibi tí ọ́ìlì yìí dé, ká sì gbé erùpẹ̀ àti omi kànga lọ fún àyẹ̀wò. Owó yanrìn típà méjì yẹn ni ká fi ṣe é.

Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì kan síwájú ìsọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ da ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ nù, kó gbé e wá síbẹ̀.